Onímú àti Máṣíìnì Ẹlẹ́sẹ̀

Mi ò fẹ́ràn ẹja yẹn. Kí gbogbo ayé gbọ́ ìyẹn ná kí n tó sọ ohunkóhun, torí ọkọ mi ń lọ káàkiri, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé mo fẹ́ràn ẹ̀ ju òun lọ. Irọ́ ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ wa gbé e wọlé nínú ọ̀rá omi, tó ní kí n wá wò ó, àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, àmì tóótòòtó wà lára ẹ̀, ó sì ń lọ́ra pọ̀ nínú ọ̀rá.

"Ẹ gbà mí! Ejò lo gbé wá bá mi nínú ilé?"

"Màmá, ẹja ni. Ẹja odò ni. Ẹ wo imú ẹ̀."

Mo wo imú ẹ̀. Imú ọ̀hún rí ṣonṣo, ó sì ń fì í síwá sẹ́yìn bí ìka ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tò sí gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ bí eyín ìyarun. Mo ní èwo tún ni ẹja tó gbé ìyarun sẹ́yìn? Bàbá ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Onímú lorúkọ ẹ̀." Bí ẹja ṣe gba orúkọ nílé mi nìyẹn, kí n tó gbà pé ó lè sùn mọ́jú níbẹ̀.

Ọkọ mi ò lè rí nǹkan kó má sọ ọ́ lórúkọ. Òun náà ló sọ ọmọ wa ní Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọ̀hún ò tíì ga ju orúnkún mi lọ nígbà tó ti máa ń fi àjákù aṣọ tí mo gé dànù di ẹsẹ̀ àga, tó máa ń ní àga ti fẹsẹ̀ kọ. "Nọ́ọ̀sì, báwo lara aláìsàn?" ni bàbá ẹ̀ máa ń bi í. Wọ́n ní orúkọ a máa roni. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára títí ó fi lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóòótọ́, àwa náà sì di Bàbá Nọ́ọ̀sì àti Ìyá Nọ́ọ̀sì.

Káfíńtà ni Bàbá Nọ́ọ̀sì. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà nísàlẹ̀, òkè ẹ̀ là ń gbé, pákó ló sì fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀ òkè. Ó tẹ́ ẹ dáadáa o, ṣùgbọ́n pákó ni pákó ń jẹ́. Tí mo bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí mo fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì mi, gbogbo ilẹ̀ ló máa ń gbọ̀n, ife á máa pariwo nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Aránṣọ ni mí, mo ti ń fi máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ yẹn jẹun kí n tó lóyún Nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo bí i, ìdí máṣíìnì náà ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí. Ọmọ ẹlòmíì á jí tí ariwo bá sọ. Tèmi, ìgbà tí ariwo bá dákẹ́ ló máa ń jí.

Ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì yìí ni wọ́n wá gbé àpótí dígí tí wọ́n fi Onímú sí, torí ibẹ̀ ni iná wà fún ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Wọn ò bi mí. Òkúta wẹ́wẹ́ ni Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ dà sísàlẹ̀ omi, ó fẹ́ kó rẹwà. Àṣé irú ẹja yìí kì í sùn lórí ilẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló ń sùn. Á fi imú gbẹ́ ẹ, á rì wọlé títí á fi ku ojú àti imú nìkan. Òkúta bó o níkùn, ọmọ mi sì sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Ni bàbá ẹ̀ bá gbé yanrìn tó kúnná wá, ó mú asẹ́ tí mo fi ń sẹ́ ìyẹ̀fun, ó ń fi sẹ́ ẹ.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, asẹ́ ta nìyẹn?"

"Asẹ́ Onímú ni."

Ẹ ò rí ayé mi bí?

Kò pẹ́ sí i ni Onímú sá jáde. Ibi tí wáyà gbà wọlé ló gbà jáde, ihò tí ìka mi gan-an ò lè wọ̀. A wá a títí, a ò rí i. Lọ́jọ́ kejì, mò ń wọn oníbàárà kan ní ìbàdí lọ́wọ́, mo nawọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ àjákù aṣọ tí omi àpótí ti ta sí kí n mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ, nǹkan kan bá yí mi lọ́wọ́. Igbe tí mo ké, oníbàárà sá dé ojú títì pẹ̀lú aṣọ tí a ò tíì dé lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ara mi yìí náà ni mo fi gbé Onímú padà sínú omi. Ó gún mi ní àtàǹpàkò, mi ò sì jù ú sílẹ̀. Ṣé ẹni tí ò fẹ́ràn nǹkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ má dá mi lóhùn.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì parí ẹ̀kọ́ ẹ̀, ìlú mìíràn ni iṣẹ́ bọ́ sí. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bíi tiẹ̀ ni wọ́n jọ ń há ara wọn mọ́ yàrá kan, kò síbi tí wọ́n á gbé ẹja sí. "Màmá, ẹ bá mi mójú tó o. Fúngbà díẹ̀ ni." Fúngbà díẹ̀ di ọdún, ọdún náà tún bí òmíràn. Ojoojúmọ́ ni fóònù á dún nírọ̀lẹ́.

"Màmá, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Mo wà."

"Onímú ńkọ́?"

Kí n má purọ́, ó máa ń dùn mí. Ṣé Onímú ló pọ̀n ọ́n? Ṣùgbọ́n màá dáhùn. Màá sọ bó ṣe fa ekòló mì, bó ṣe hú ewé tí mo rì mọ́lẹ̀ fún un, bó ṣe yọ orí nínú yanrìn tó ń wò mí bí onílé tó ń wo ayálégbé. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹja, ọbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lórí iná. Ọmọ mi á máa rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ẹ̀rín ẹ̀ á sì máa dùn mọ́ mi. Ìgbà tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀ ni inú á tó wá bí mi: ẹja ni wọ́n pè, wọn ò pe ìyá.

Ẹ jẹ́ n sọ ti máṣíìnì fún yín kó má bàa rú yín lójú. Ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ránṣọ tán, ni mo máa ń fún Onímú lóúnjẹ. Mo rò pé ojú mi ló mọ̀. Bàbá Nọ́ọ̀sì ní rárá, òórùn ekòló ni. A fi ìyẹn jà dáadáa. Ìgbà tó yá ni bẹ́líìtì máṣíìnì já, wọ́n ń wá irú ẹ̀ kiri, Onímú bá wọnú yanrìn, kò jáde mọ́. Mo pè é, mo na ekòló sí i, mo bẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ fún Nọ́ọ̀sì pé ẹja ẹ̀ ti kú. Ọjọ́ tí bẹ́líìtì tuntun dé, mo ní kí n dán an wò. Mi ò tíì wà á dáadáa tí yanrìn fi là, tí imú yọ. Àṣé ilẹ̀ tó ń gbọ̀n ló fi ń mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀! Kì í ṣe ojú mi, kì í ṣe òórùn. Iṣẹ́ mi ló mọ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá dáwọ́ máṣíìnì dúró tí mo kiwọ́ bọ omi, á wá sùn gbọọrọ lé àtẹ́lẹwọ́ mi, á sì jẹun níbẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn fún Nọ́ọ̀sì. Èmi náà fẹ́ ní nǹkan kan tó jẹ́ tèmi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló pè, kò tiẹ̀ kí mi kó tó máa pariwo. "Màmá, mo ti rí ilé tèmi o! Yàrá méjì! Mo ti ra àpótí dígí tuntun, mo ti da yanrìn sí i. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá gbé Onímú."

Mo ní a dúpẹ́. Mo ní ilé á tù ú lára. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Tí ẹja bá ti lọ, ìpè náà lọ nìyẹn. Ọmọ tó níṣẹ́, tó nílé, tó ti ní ẹja ẹ̀ lọ́dọ̀, kí ló tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá aránṣọ tí ìdáhùn ẹ̀ ò ju "mo wà" lọ?

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́mọrí àti àwọ̀n kékeré. Onímú ti wọlẹ̀. Ó na àwọ̀n síbí, ó nà án sọ́hùn-ún. Kò lè wú yanrìn, ẹ̀rù ń bà á kó má tún lọ bó ẹja lára. Ó mú ekòló tì í níwájú, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọdé: "Onímú mi, jọ̀ọ́, jáde." Ọ̀sán ń lọ, bọ́ọ̀sì ẹ̀ ò ní pẹ́ gbéra, iṣẹ́ sì ń dúró dè é. Èmi jókòó, mo káwọ́ lẹ́rán. Mo ti da aṣọ bo máṣíìnì láti àárọ̀.

Bàbá Nọ́ọ̀sì gòkè wá. Ó wo aṣọ tó wà lórí máṣíìnì, ó wò mí.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, o ò ránṣọ lónìí?"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹ̀yìn?"

"Ṣé ẹ̀yìn yín ni?"

Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ ohun tó ń dùn ọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹja so ọmọ mọ́lẹ̀, ìyàwó mi."

Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, mo mọ èsì tí màá fọ̀. Ó kàn ń wò mí ni. Omijé já bọ́ lójú mi, mo fi téèpù tó wà lọ́rùn mi nù ún. Mo padà síbi máṣíìnì, mo ká aṣọ orí ẹ̀ kúrò, mo jókòó, mo wà á.

Yanrìn là. Imú yọ, orí tẹ̀ lé e, gbogbo gígùn ẹ̀ sì tú jáde. Mo dáwọ́ dúró, mo kiwọ́ bọ omi, Onímú sì wá sùn lé àtẹ́lẹwọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe.

"Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá."

Nọ́ọ̀sì fi àwọ̀n sílẹ̀. Ó la ẹnu sílẹ̀. "Màmá, ẹ ò sọ fún mi rí pé ó máa ń ṣe báyìí fún yín."

"O ò bi mí. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, ọwọ́ ń ro mí."

Ó gbé e lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó pè pé àwọn ti dé láyọ̀. Ìrọ̀lẹ́ tó tẹ̀ lé e, fóònù dákẹ́. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn náà dákẹ́. Àpótí dígí òfìfo jókòó tì mí bí àlejò tí ò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.

"Ṣé mo sọ tàbí mi ò sọ?" ni mo bi Bàbá Nọ́ọ̀sì.

"Ìwọ náà gbé fóònù, kó o pè é."

"Kí n sọ kí ni? Ṣé mo ṣì ní ẹja ni?"

Ìgbà tó máa wá dún, oúnjẹ àárọ̀ ni mò ń bù lọ́wọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da àwo nù. "Màmá," ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Onímú ò jẹun o. Láti ìgbà tó ti débí, kò jẹun."

Mo ní kó gbé fóònù lé orí ọmọrí àpótí. Mo gbé tèmi sórí máṣíìnì, mo wà á bí ẹni tí ajá ń lé.

"Ó ti jáde?"

"Rárá, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dúró."

Mo wà á títí orúnkún mi fi ń dún. Ó ní kò jáde. Lọ́jọ́ kejì a tún ṣe é, bákan náà ló rí, ọmọ náà sì ń sọ ṣáá pé kí n má tíì dúró. Níkẹyìn ni mo dìde lórí àga. "Fóònù ò lè mi ilẹ̀," mo ní. "Mò ń bọ̀."

"Ò ń bọ̀ pẹ̀lú kí ni?" Bàbá Nọ́ọ̀sì ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Pẹ̀lú máṣíìnì."

Ó tú máṣíìnì kúrò lórí ẹsẹ̀ irin ẹ̀, mo fi aṣọ tí mo fi ń bò ó wé e bí ọmọ ọwọ́, a kó gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ tó fi ń kó pákó. Ó ń ráhùn títí a fi dé ọ̀nà. Ó ní ká ní òun ni òun ò jẹun, màá ní oúnjẹ wà nínú ìkòkò kí òun lọ bù ú. Mo bi í pé ìgbà wo ni kò jẹun rí?

Ilé Nọ́ọ̀sì dára. Ó mọ́, ó gba atẹ́gùn, àfi pé fèrèsé ẹ̀ ò ní kọ́tìnnì kankan. Nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ ló gbẹ, ojú ẹ̀ ti wọnú. Mo rò pé ìrònú ẹja ni. A to máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí dígí, Bàbá Nọ́ọ̀sì de gbogbo ìdè ẹ̀, mo jókòó, mo wà á. Ọkọ mi gbẹ́sẹ̀ sókè, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó tún un gbá.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì."

"Kí ló dé?"

"Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ yìí o. Wọ́n tún wá lẹ táìsì lé e."

Orí wa méjèèjì! Orí pákó la ti ń rìn láti ìgbà tá a ti fẹ́ra, kò sí èyí tó rántí nínú wa pé ilẹ̀ ẹlòmíì kì í gbọ̀n. A gbé irin láti ọ̀nà jíjìn réré wá sórí ilẹ̀ tí màlúù ò lè mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, inú bí mi, mo yíjú sí àpótí dígí pé kí n kúkú fi ẹnu bẹ Onímú.

Onímú ti wà níta. Ó sùn kalẹ̀ lórí yanrìn lójú ọ̀sán gangan, mo na ìka, ó ń tẹ̀ lé ìka mi kiri ojú dígí. Ikùn ẹ̀ yọ rìbìtì. Mo ti bọ́ ẹja yẹn pẹ́, mo mọ ikùn ẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì."

"Màmá."

"Ẹja yìí ti jẹun."

Ó wolẹ̀. "Ó ti ń jẹun láti ọjọ́ tó dé, Màmá."

"Kí lo wá ń pa irọ́ fún mi sí? Èmi tí orúnkún ń dùn!"

Ẹ wá wo ọmọ tó ń gún àgbàlagbà lábẹ́rẹ́ tí ojú ẹ̀ kì í ṣẹ́, tó wá ń fi ìka lọ́ etí aṣọ ẹ̀ níwájú mi. "Iṣẹ́ òru ni wọ́n fún mi. Tí mo bá dé láàárọ̀, mi ò lè sùn. Ilé yìí dákẹ́ jù. Máṣíìnì yín ni mo fẹ́ gbọ́."

"Tó ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu ń dùn ọ́ ni?"

"Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?" Omijé ti dé ojú ẹ̀. "Tí mo bá bi yín pé ṣé dáadáa lẹ wà, ẹ ó ní 'mo wà', ó parí. Ọ̀rọ̀ Onímú nìkan lẹ máa ń bá mi sọ tí á pẹ́. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè ẹ̀. Ìgbà tí mo wá gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín, mi ò mọ ohun tí màá fi pè yín mọ́."

Bàbá Nọ́ọ̀sì ti gbàgbé ẹ̀rín. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo fi ń jowú ẹja, àṣé ọmọ mi náà ń jowú ẹ̀ lódìkejì fóònù.

"Wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ẹ̀ ń gbé," ni mo wá sọ. "O ò ṣípá sí mi."

"Onímú ni mo fi ṣípá, Màmá."

Mo gbá a mọ́ra. Mi ò fi pamọ́, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. "Mo fẹ́ràn ẹ, ọmọ mi. Ilé ò dùn láti ìgbà tó o ti kúrò níbẹ̀. Máa pè mí, kódà kó máà sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ." Ó ní kí èmi náà máa pe òun. Mo ní màá pè. Ojú wá ń tì mí, mo bá yọwọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú u nítorí fèrèsé. Ta ló ń sùn lọ́sàn-án nínú ilé tí oòrùn ń yọjú wọ̀ bí amèbó? Ó ní òun ò tíì ráyè ra kọ́tìnnì. Mo ní kí ló ń ra kọ́tìnnì sí, ṣé ọmọ aránṣọ kọ́ ni?

Mo tú aṣọ tí mo fi wé máṣíìnì, mo wọn fèrèsé, mo gé e, mo jókòó tì í. Nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn lé orí àga gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun kàn fẹ́ nara ni. Mi ò tíì ṣẹ́ etí kan tán tó ti sùn lọ, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Bàbá ẹ̀ bọ́ bàtà náà fún un jẹ́jẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òwú ìsàlẹ̀ tán. Mo rí i pé abẹ́rẹ́ kàn ń gún aṣọ lásán ni. Bàbá Nọ́ọ̀sì náà rí i, ó na bọ́bìnnì tuntun tó ti ní òwú sí mi. Mo mirí sí i pé rárá. Kí n tó pààrọ̀ ẹ̀, màá dúró, tí mo bá sì dúró, ọmọ mi á jí. Mo fi ẹsẹ̀ wà á lọ bẹ́ẹ̀, láìsí òwú.